Etí Bàbá Kò Di, Wáyà Ni Rédíò Wọn Ń Wá

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé wa, mo sì ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kí n tó gbé e síwájú yín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Bàbá Kàdúná la máa ń pè wọ́n nílé, torí pé láti ìgbà tí iṣẹ́ rélùwéè ti gbé wọn lọ sí òkè Ọya nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọn kò padà wá gbé nílé mọ́. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 75. Ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n kọ́lé sí, ibẹ̀ ni àwọn àti ìyàwó wọn ń gbé.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti sùn nílé wọn rí yóò mọ̀ pé rédíò ló ń jí gbogbo ilé. Ní 6:30 òwúrọ̀, ìròyìn Haúsá láti BBC. Ní 8:30 alẹ́, Haúsá BBC náà ni. Láàárín méjèèjì, wọ́n lè wá Voice of Nigeria kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá, tàbí kí wọ́n kàn máa yí bọ́tìnnì kiri títí wọn yóò fi kan ẹni tó ń sọ èdè tí wọn kò gbọ́, wọn á sì jókòó tì í. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò lo fóònù fún ìròyìn, wọn á ní ojú àwọn kò ríran sí lẹ́tà wínníwínní mọ́, pé rédíò kò sì béèrè dátà lọ́wọ́ àwọn. Baba Mai Rediyo ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n.

Orúkọ yẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba pa nẹ́tíwọ̀kì fóònù ní Zamfara nítorí àwọn ajínigbé. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi pa á ní àwọn ibì kan ní Kàdúná náà, ìlú Bàbá sì wà lára wọn. Fóònù olówó ńlá di dígí ìwojú. Ìyá sọ fún mi pé bó bá ti ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ alẹ́ lù, àwọn ọkùnrin àdúgbò á ti máa gbé ẹní wọn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá: olùkọ́, aláta, àní ẹni tó ń tún fóònù ṣe pàápàá. Rédíò kan ṣoṣo àti òkúta bátìrì méjì ló ń sọ fún wọn bí ayé ṣe ń lọ.

Ọdún 2023 ni àwọn ọmọ Bàbá dá owó jọ, wọ́n ra inverter àti páńẹ́ẹ̀lì sólà fún wọn. Ẹ̀bùn gidi ni. Fáànù ń fẹ́, gílóòbù funfun ń tàn ní gbogbo yàrá, Ìyá ń wo tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa. Ṣùgbọ́n kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé rédíò àwọn ti bàjẹ́. Wọ́n ra òmíràn, bákan náà ni. Wọ́n tún ra èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ, tí éríà rẹ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bákan náà ni. Wọ́n á gbé rédíò sétí bí ẹni gbé fóònù, wọ́n á gbé ohùn rẹ̀ sókè títí Ìyá á fi figbe ta, síbẹ̀ wọ́n á ní àwọn kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ibẹ̀ ni àkọ́bí wọn obìnrin, ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Ìbàdàn, ti sọ pé, "Etí Bàbá ti ń di." Gbogbo wa ló gbà á gbọ́. Ta ni kò mọ̀ pé etí àgbà máa ń di? Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ wọn lórí fóònù bí ẹni ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò. Wọ́n mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò etí. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní etí ẹni ọdún wọn náà ni, kò sí nǹkan tó ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò gbà. Mo wà lára àwọn tí kò gbà, mo jẹ́wọ́. Nígbà tó yá, Bàbá kó rédíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí wọ́dúróòbù, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Ìyá ní bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán báyìí, ibùsùn ló kàn.

Iṣẹ́ gbé mi gba Kàdúná kọjá nínú ọyẹ́ ọdún náà, mo sì yà kí wọn. Mo ní kí Bàbá gbé rédíò wá kí n gbọ́ ọ fúnra mi. Wọ́n tàn án ní pálọ̀, wọ́n yí i sí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ Haúsá láti ọdún pípẹ́. Ohun tí mo gbọ́ ni ariwo bí ìgbà tí ènìyàn da àkàrà sínú epo gbígbóná, ṣáàáá, tí ohùn ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Ẹni ọdún ọgbọ̀n-ó-lé ni mí, etí mi kò di, èmi náà kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Ìyá tó ń wo eré, mo lọ pa inverter. Tẹlifíṣọ̀n kú, fáànù dúró, òkùnkùn bo ilé. Òkúta ni rédíò ń lò, nítorí náà òun kò kú. Bí ẹni pé wọ́n gbé agbada kúrò lórí iná ni ariwo náà ṣe dákẹ́, ohùn akéde sì mọ́ gaara. N kò rí ojú Bàbá nínú òkùnkùn náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí àga wọn ṣe dún nígbà tí wọ́n nàró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé ilé Bàbá nìkan kọ́ ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Iná taara tó wà nínú bátìrì ni inverter ń sọ di irú iná tí NẸ́PÀ ń fún wa. Bí ó ṣe ń ṣe é ni pé ó ń tan iná náà, ó ń pa á, lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpótí kékeré tó ń darí iná láti ara páńẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gílóòbù funfun tí kì í jẹ iná púpọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ṣájà fóònù sì wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Gbogbo títàn àti pípa yẹn ń da ìgbì rédíò sílẹ̀, wáyà iná tó wà lára ògiri á sì gbé e ká gbogbo yàrá. FM kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, torí ilé iṣẹ́ FM wà nítòsí, ohùn rẹ̀ le. Ṣọ́ọ̀tì-wéèfù, èyí tí wọ́n kọ SW sí lára rédíò, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti ìlú kejì ni, ẹ wá tan ẹ̀rọ ìlọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ọ̀nà jíjìn báwo? FM ń tọ ọ̀nà tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, bí òkè bá dí i tàbí tí ọ̀nà bá jìn jù, ó tán. SW yàtọ̀, ojú ọ̀run ni wọ́n ń jù ú sí. Láti nǹkan bí 100 kìlómítà sókè lọ dé 300 kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpele kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ionosphere, níbi tí ìtànṣán oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di ohun tó lè gbé iná. Ibẹ̀ ni SW ti máa ń ta padà sílẹ̀ bí bọ́ọ̀lù tí ọmọ jù lu àjà. BBC ní ilé ìgbóhùnjáde ní erékùṣù Ascension, láàárín Òkun Àtìláńtíìkì, láti ọdún 1966, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ju ọ̀pọ̀ ohùn wọn sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ibẹ̀ dé Kàdúná ju 2,500 kìlómítà lọ. Ohun tó rìn tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì rẹ̀ kó tó dé.

Àwọn òbí wa mọ èyí dáadáa ju àwa lọ. Nígbà tí rediffusion dé Èkó ní 1935, àpótí ara ògiri tó jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì gan-an, torí kò sí bọ́tìnnì tí ẹ lè fi yí i kúrò lórí ohun tó ń sọ, orí SW ni wọ́n ti ń gba ohùn Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó fi wáyà pín in káàkiri ilé. Ní 1996 sì ńkọ́? Lẹ́yìn tí wọ́n pa Kudirat Abiola ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn tó ń bá ìjọba Abacha jà láti òkè òkun fi orúkọ rẹ̀ pe rédíò kan tí wọ́n ń gbé jáde lórí SW, Radio Kudirat. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí bàbá mi bí wọ́n ṣe ń so wáyà mọ́ irin fèrèsé lálẹ́, tí wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn nílé Bàbá Kàdúná. A kò lè máa pa inverter lálaalẹ́, Ìyá náà ní ẹ̀tọ́ sí fáànù àti eré wọn. Bí ariwo kò bá lè kúrò nílé, etí rédíò ni a máa gbé jáde kúrò nílé. Éríà tó wà lára rédíò kì í sábà tó mítà kan, inú ilé ló sì wà, lábẹ́ páànù, láàárín irin fèrèsé. Páànù àti irin máa ń dí ìgbì tó ń bọ̀ láti òde lọ́nà, wọ́n á sì fi ariwo ilé nìkan sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníná, mo ra wáyà 1.5 oníkókó kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n fi ń fa iná sí gílóòbù nínú ilé, yáàdì 20. Owó rẹ̀ kò súnmọ́ owó èyí tó kéré jù nínú rédíò méjì tí Bàbá lọ rà. Mo ti ń yán hànhàn láti fi ara mi hàn, nítorí náà n kò ronú. Mo gun àkàbà, mo tẹ́ wáyà náà sórí ilé, mo fi tẹ́ẹ̀pù so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ wáyà tó ń bọ̀ láti ara páńẹ́ẹ̀lì sólà, torí pé ọ̀nà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a tan rédíò, àkàrà kò tún dín mọ́, ó ń jóná ni. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ni o kàwé yunifásítì nípa rédíò yìí?" Mo ní ọ̀rọ̀ sísọ nínú rédíò ni wọ́n kọ́ wa, wọn kò kọ́ wa ní wáyà.

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni mo wá ṣe. Mo fi òkúta sí rédíò kékeré, mo wá ibi tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí SW, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀, mo wá ń rìn yí ilé ká pẹ̀lú rẹ̀. Ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà iná, ariwo. Lábẹ́ páńẹ́ẹ̀lì, ariwo tó pọ̀ jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri aládùúgbò tí gílóòbù rẹ̀ ń tàn lọ́sàn-án, ariwo. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nítòsí kànga, ó dákẹ́ bí ìgbà tí a bọ́ sínú oko. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ kò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ohun tí mo kọ lónìí, ẹ rántí ìrìn yẹn. Wáyà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn ènìyàn àti ariwo inverter, ohun tó bá wà níbi tí ẹ nà án sí ni yóò gbé wá fún yín.

Bí a ṣe wá nà án nìyí. Mo gé ike kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ kan sí wẹ́wẹ́, mo lu ihò méjì sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo so orí wáyà mọ́ ihò kan, okùn ọ̀rá mọ́ ihò kejì, kí wáyà má bàa fara kan igi. Ọmọ Málàm aládùúgbò so òkúta ilẹ̀ mọ́ okùn náà, ó jù ú kọjá lórí ẹ̀ka dóńgóyárò, ní nǹkan bíi mítà márùn-ún sókè. Mo ní kí wọ́n má so òpin okùn náà mọ́ igi pinpin. Òkúta yẹn la fi sílẹ̀ kó máa rọ̀ lára rẹ̀, nígbà tí atẹ́gùn bá ń mi igi, òkúta á gòkè, á sì sọ̀ kalẹ̀, wáyà kò ní já. Apá kejì wá sí ara ọ̀pá oparun kan tí a rì mọ́lẹ̀ níwájú yàrá ẹ̀yìn, tó fi díẹ̀ jìnnà sí páànù. Láti ibẹ̀ ló ti sọ̀ kalẹ̀ wọ fèrèsé. Mo jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gba fèrèsé wọlé, kí omi òjò lè máa kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kó tọ wáyà wọ inú yàrá.

Nínú yàrá, mo bó ìwọ̀n ìka méjì lára orí wáyà, mo fi kílíìpù tó ní eyín bí ẹnu ọ̀nì so ó mọ́ éríà rédíò. Ẹni tí kò bá rí kílíìpù lè wé wáyà náà mọ́ éríà ní ìgbà mẹ́wàá láì bó o pàápàá, yóò ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan. Bí ihò bá wà lára rédíò yín tí wọ́n kọ ANT sí, ibẹ̀ ló dára jù láti so ó mọ́, bí ẹ bá rí ẹni bá yín fi orí tó bá ihò náà mu sí i.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀. Gbogbo yáàdì 20 ni mo kọ́kọ́ nà, èrò mi ni pé bó bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe dára tó. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ilé iṣẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ le sì ń yọjú níbi mẹ́rin tí kò yẹ kó wà. Rédíò kékeré kò lè gbé gbogbo ohun tí wáyà gígùn bá kó wá, bí ẹni tí wọ́n ń bu ọbẹ̀ fún tí àwo rẹ̀ ti kún ni. Àwọn rédíò kan ní ibi tí wọ́n kọ LOCAL àti DX sí, bí ẹ bá ti í sí LOCAL, yóò dín in kù. Ti Bàbá kò ní in. Mo gé wáyà kù títí ó fi ku bíi mítà 11, láti igi dé rédíò, súfèé náà sì lọ. Láti mítà 7 sí 10 tó fún ọ̀pọ̀ rédíò tí a ń gbé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ewu wà, n kò sì ní fi ẹ̀rín sọ èyí. Ẹ má ṣe na wáyà yìí kọjá lórí tàbí lábẹ́ wáyà NẸ́PÀ láéláé, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí wáyà yín tàbí ọ̀pá tó gbé e dúró bá wó, ṣé ó lè kan ti NẸ́PÀ? Bí ó bá lè kàn án, ẹ lọ síbòmíràn. Ẹ má sì jù òkúta àti okùn sókè níbi tí wáyà iná bá wà nítòsí, ọmọdé kọ́ ni kó ju u níbẹ̀, àgbà náà kọ́. Ẹ gbé e ga ju ibi tí ọrùn ẹni tó ń sáré lálẹ́ lè kọ́.

Mànàmáná ni ìkejì. Bí òjò bá ti ń ṣú, kí ààrá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ wáyà kúrò lára rédíò, ẹ jù ú síta gba ojú fèrèsé. Kí ẹ má kàn yọ ọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ń rin ìrìn àjò, kó yọ ọ́ kó tó jáde nílé. Nígbà tí ààrá bá ti ń sán, ọwọ́ ènìyàn kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní òkè Ọya sì ní ìkẹta, torí ọyẹ́ tiyín le ju tiwa lọ. Eruku gbígbẹ tó ń fẹ́ kọjá lára wáyà lè kó iná sí i lára, irú èyí tó máa ń ta ènìyàn nígbà tó bá ń bọ́ aṣọ ọ̀rá nínú ọyẹ́. Kò tó ohun tó lè ṣe ènìyàn léṣe lọ títí, ṣùgbọ́n ó lè pa ohun tín-ín-rín tó ń gba ohùn nínú rédíò. A kan irin kan mọ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé Bàbá, níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń ṣàn kọjá kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè máa tutù. Kí wọ́n tó so wáyà mọ́ rédíò, wọ́n á kọ́kọ́ fi orí rẹ̀ kan irin yẹn. Bàbá sọ ọ́ di bí ẹni tó ń ta ilẹ̀ lọ́rẹ kó tó mu.

A gbé àga Bàbá kúrò ní pálọ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, torí kò sí àǹfààní nínú kí wáyà jìnnà sí ariwo, kí rédíò fúnra rẹ̀ wá jókòó ti inverter. A bọ́ gílóòbù yàrá náà, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Nígbà tí 8:30 lù, tẹlifíṣọ̀n Ìyá ń ké ní pálọ̀, inverter ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ohùn akéde Haúsá sì wọlé bí ẹni tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe pé kò sí ariwo rárá. SW kì í pé bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sókè, á lọ sílẹ̀ bí ìgbì omi, nítorí pé ìpele ojú ọ̀run yẹn kì í dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n Bàbá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, mo mọ̀, torí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi sí Yorùbá kí akéde tó sọ ọ́ tán. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń jẹun nídìí rẹ̀, wọ́n sì yá jù mí lọ.

Bí ẹ bá na wáyà yín tán, ẹ má retí pé gbogbo wákàtí ni ibi kan náà yóò máa sọ̀rọ̀. Alẹ́ àti òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù láàárín 5,900 sí 6,200 kHz, àti láti 7,200 sí 7,450. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, ẹ gòkè lọ sí 11,600 sí 12,100, tàbí 15,100 sí 15,800, tàbí 17,500 sí 17,900. Àárín 9,400 sí 9,900 máa ń ṣe dáadáa ní ìrọ̀lẹ́. Rédíò àtijọ́ kan kì í kọ kHz, mítà ni wọ́n ń kọ. Bí ẹ bá pín 300,000 sí iye kHz, mítà rẹ̀ nìyẹn: 7,255 tí wọ́n mọ Voice of Nigeria mọ́ yóò fún yín ní 41. Nǹkan kan sì ya Bàbá lẹ́nu tó lè ya ẹ̀yin náà lẹ́nu: Àbújá tí kò tó 200 kìlómítà sí wọn lè ṣòro láti gbọ́ lálẹ́ ju ilé iṣẹ́ tó wà lókè òkun lọ. Ohun tí wọ́n jù sókè máa ń fo ẹni tó wà nítòsí kọjá kó tó balẹ̀, bí ẹni tó dúró sí ìdí ògiri tí bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa bi mí pé kí ni mo ń wá lára ohun tó ń kú lọ. Òótọ́ ni pé ó ti dín kù. BBC dá SW wọn sí Àríwá Amẹ́ríkà dúró ní 2001, wọ́n dá ti Yúróòpù dúró ní 2008. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní 2022, SW ni wọ́n sáré tún tàn sí apá ibẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní 2023, wọ́n ṣe ètò pàjáwìrì ní èdè Lárúbáwá lórí SW fún wọn. Èmi kò ní láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láti dáhùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá ní 2021 tó fún mi.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin pè láti Ìbàdàn. Bó ṣe mọ́ wa lára, ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe: "BÀBÁ, ẸKÁÀÁRỌ̀ O! ṢÉ Ẹ GBỌ́ MI?" Bàbá gbé fóònù jìnnà sí etí, wọ́n ní, "Kí lo ń pariwo sí? Àbí etí tìrẹ ló wá di báyìí?"

Wọ́n ti fún àwọn ọmọ-ọmọ ní ọ̀kan nínú rédíò méjì tuntun yẹn. Wáyà tí mo gé kù, bíi mítà méje, ọmọ Málàm ti wá gbà á. Ó ní bàbá òun náà ní rédíò kan tó ti wà lórí wọ́dúróòbù láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé sólà dé.